Ọdún Tí A Fi Èèpo Ọsàn Bọ́ Omi Aró

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìró tó máa ń jí mi ní àárọ̀ Sátidé kì í ṣe ti àkùkọ, kì í sì í ṣe ti àwọn bọ́ọ̀sì tó ń pe èrò Wúsè lójú títì. Ọ̀pá tí màmá mi fi ń po aró nínú dírọ́ọ̀mù ni. Ó máa ń dún pọ̀bọ̀, pọ̀bọ̀, bí ẹni tó wọ bàtà òjò rìn nínú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òórùn sódà yóò gba ojú fèrèsé wọlé, imú mi yóò sì jí kí ojú mi tó là. Ẹ̀yìn ilé wa ní Kubwa ni màmá mi ti ń pa kàǹpálà láró. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ọmọ jéléósinmi ló ń kọ́. Sátidé nìkan ni ti ara rẹ̀. Á wọ ìbọ̀wọ́ dé ìgúnpá, á wé gèlè àtijọ́, á sì máa kọ orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú títí oòrùn á fi kan àtàrí. Bàbá mi ní tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ní iléeṣẹ́ kan tí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ títí di òní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó máa ń gbé iṣẹ́ náà wálé lórí ahọ́n. Bí iyọ̀ bá tán nílé, ìpàdé ni a óò pè. Ó ní ìwé pẹlẹbẹ kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sí, á sì ka ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún wa kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Èmi àti Táófíkì àbúrò mi á yára nawọ́ sókè pé a fara mọ́ ọn, torí ebi.

Ọdún náà ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa gbé kí wọ́n lè tọ́jú ojú rẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú kan, wọ́n ní kó sinmi oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó ṣe èkejì, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Ó gba ilé ìdáná lọ́wọ́ màmá mi, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì kéde pé ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ ẹran lọ́wọ́ òun, omi ọbẹ̀ ni yóò rí gbà. Ọ̀rọ̀ náà bà wá lẹ́rù. Ọmọ Àbújá ni wá: Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé, Haúsá díẹ̀díẹ̀ ní àdúgbò, Yorùbá lẹ́nu àwọn òbí wa. Yorùbá tí mo gbọ́ nígbà náà kò ju ti oúnjẹ, ti oorun àti ti ẹgba lọ. Èyí tó bá ti kọjá ìyẹn, mo máa ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni mà, màá sì wojú ẹni tó sọ ọ́ bóyá mo gbà á. Ìyá Àgbà kò mọ̀. Oríkì mi, Àjọkẹ́, ló fi ń pè mí, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlàjì ohun tó ń sọ ni mò ń gbọ́.

Pẹ́pẹ́yẹ ló dá wàhálà sílẹ̀. Alhájì, onílé wa, ń gbé nínú ọgbà tó wà nísàlẹ̀ tiwa. Ògiri kan ló pààlà, gọ́tà kan ló sì gba abẹ́ ògiri náà kọjá. Ọmọ Bídà ni, ṣùgbọ́n ó ti gbé Ìlọrin pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. Ó ní pẹ́pẹ́yẹ funfun méje tó ń kẹ́ bí ọmọ, ibi tí omi aró màmá mi ń dà sí gan-an ni wọ́n sì fi ṣe balùwẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Alhájì kanlẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó sì gbé ọ̀kan nínú wọn lé orí tábìlì pálọ̀ wa. Àyà pẹ́pẹ́yẹ náà ti di àwọ̀ àlùkò, ìrù rẹ̀ sì dà bí ewé tútù. Bàbá mi, tí kò mọ ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kí pẹ́pẹ́yẹ náà káàárọ̀.

Alhájì ṣàlàyé pé àwọn tó ń bọ̀ wá tọrọ ọmọbìnrin òun yóò ti Bídà dé ní ìparí oṣù, òun sì ti ṣèlérí pẹ́pẹ́yẹ funfun fún wọn. Kì í pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. Ẹni tó bá pariwo, èèyàn á rí ibi dì mú láti bá a jà. Ìyá Àgbà fẹ́ tù ú nínú. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé omi tí èèyàn ó mu kì í ṣàn kọjá ẹni. Alhájì tẹrí ba fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Òótọ́ lẹ sọ, Màmá,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n omi tiyín ti ṣàn kọjá yín. Ọ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ mi ló wá.”

Ìdájọ́ rẹ̀ kò le lójú ẹni tó bá gbọ́ ọ láti òkèèrè. Ó ní kí màmá mi dá aró dúró ná. Bí ó bá rí ọ̀nà tí omi yóò fi máa mọ́ kó tó jáde kí àwọn àna òun tó dé, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá rí i, kó má ṣe aró nínú ilé òun mọ́. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi aṣọ nu ipa ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ kúrò lórí tábìlì. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìdákẹ́rọ́rọ́ ló jí mi. Mo bá màmá mi nínú ilé ìdáná tó ń fọ àwọn abọ́ tí ó ti fọ̀ lálẹ́ àná. Dírọ́ọ̀mù omi aró méjì wà lẹ́yìn ilé tí kò lè dà nù, kò sì lè lò. Nígbà èwe mi, mo rò pé àárẹ̀ ló mú un. Ní báyìí tí èmi náà ti ní ilé tèmi, mo mọ̀ pé obìnrin lè ní ọkọ, ọmọ, iṣẹ́ àti ìyá ọkọ tó fẹ́ràn rẹ̀, kó sì jẹ́ pé Sátidé kan ṣoṣo ló gbé gbogbo wọn dúró.

Bàbá mi pe ìpàdé. Ó dá a lábàá pé kí á kọ̀wé sí Alhájì láti tọrọ àfikún àkókò, ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ìyá Àgbà, tí kì í sábà dá sí ìpàdé, tó sì máa ń lo àkókò rẹ̀ láti ṣa òkúta inú ẹ̀wà, bi í léèrè pé kí ni wọ́n fi ń hun téru, aṣọ funfun tí ìyàwó rẹ̀ ń pa láró. Bàbá mi ní òwú ni.

“Òwú, ohun tó hù nílẹ̀ ni,” ni Ìyá Àgbà wí. “Bí ohun tó hù nílẹ̀ bá lè mu aró tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní pọ̀ ọ́ jáde mọ́, ẹ lọ wá ohun mìíràn tó hù nílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò nílò, kí ẹ fi bọ́ omi yẹn. Kò sóhun tó ṣe omi. Aró ló ń wá ibi tí yóò jókòó.”

Mo ti ka ìwé dé ibi tó jìnnà lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì ti gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ń fi èèpo èso, ṣùkù àgbàdo àti èèpo ẹ̀pà fa àwọ̀ jáde nínú omi àwọn iléeṣẹ́ aṣọ, wọ́n sì fún un lórúkọ tó gùn. Mi ò tíì gbọ́ àlàyé kankan tó yé mi tó ti Ìyá Àgbà, tó ṣe é láìgbé ojú kúrò nínú ẹ̀wà.

Ọsàn ló pọ̀ jù lọ. Bàbá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọjà èso ní Zuba, ó sì tọrọ èèpo lọ́wọ́ àwọn tó ń bó ọsàn tà fún àwọn arìnrìn-àjò. Wọ́n fi tayọ̀tayọ̀ kó o fún un, wọ́n bi í pé ewúrẹ́ mélòó ló ní, ojú sì tì í láti sọ òótọ́, ó ní méjìlá. Nígbà tó yá, wọ́n ti ń bi í léèrè àlàáfíà àwọn ewúrẹ́ náà. Ó dé pẹ̀lú àpò ńlá méjì, ó wọ kóòtù, ó so táì, gbogbo ara rẹ̀ ń ta sánsán bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nílé, ọsàn ni oúnjẹ àárọ̀, ọsàn ni oúnjẹ ọ̀sán. Eyín Táófíkì kan débi tí kò lè jẹ búrẹ́dì mọ́. A sá èèpo sórí aṣọ, sórí àga, sórí ọkọ̀ aládùúgbò tó rin ìrìn àjò. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n dá ihò sí ìdí bókẹ́ẹ̀tì kan, kí wọ́n tẹ́ aṣọ sí i, kí wọ́n gún èèpo gbígbẹ kún un, bí ìyá tirẹ̀ ṣe máa ń fi ìkòkò onihò sẹ́ omi eérú nígbà tó ń ṣe aró ẹ̀lú. A da omi aró sí i lókè, gbogbo wa sì lóṣòó yí ìdí rẹ̀ ká. Omi tó ń kán jáde kò ní àwọ̀ àlùkò mọ́ lóòótọ́. Ó ti di àwọ̀ tíì, ó sì ń run ọsàn. Bàbá mi kọ ọ́ sínú ìwé pé ìtẹ̀síwájú wà.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í se èèpo, kí àwọ̀ tirẹ̀ kọ́kọ́ kúrò, kí á tó sá a. Ṣùgbọ́n òjò kò jẹ́. Òjò Kubwa nígbà náà a máa rọ̀ bí ẹni ń da bókẹ́ẹ̀tì nù, èèpo tó bá sì tutù a máa hu funfun ní ọjọ́ kejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà ní a ó yan án bí ẹni ń yan gàrí. Ó gbé ìkòkò irin ka orí àdògán lábẹ́ òrùlé ẹ̀yìn ilé, ó da èèpo sí i, ó sì pè mí.

“Àjọkẹ́, jókòó tì í,” ni ó wí. “Má jẹ̀ẹ́ kó jó o.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó lọ kírun, ó sì sùn lọ sórí ẹní ìkírun pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo mọ ohun tí jó túmọ̀ sí dáadáa. Ijó ni àwọn èèyàn máa ń jó. Mi ò mọ ìdí tí èèpo ọsàn yóò fi jó, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìdí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wa lóṣù náà. Mo tẹjú mọ́ ìkòkò. Láìpẹ́, ooru mú èèpo kan, ó mì. Òmíràn ká sókè, ó ta pọ́ún sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo mú ọmọrí, mo dé ìkòkò náà. Ọmọrí bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo bá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ ọlọ lé e. Gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́. Mo jókòó tì í bí ọlọ́pàá, inú mi sì dùn pé kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó jó. Èéfín tín-ín-rín kan ń yọ létí ọmọrí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ nǹkan kan nípa èéfín.

Nígbà tí mo ṣí i, gbogbo rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí pé màmá mi máa ń sọ pé ìrẹsì ti jó, àti pé nínú gbogbo ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀, ìrẹsì kò jó ijó kankan rí. Ẹ̀rù bà mí débi tí mo fi yára ju bí mo ṣe yára rí láyé mi. Mo gún èédú náà nínú odó kékeré, mo dà á sí ìsàlẹ̀ bókẹ́ẹ̀tì onihò, mo sì kó èèpo rere tó kù nílé bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà jí, ó wò ó, ó ní mo ṣeun. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n da omi aró sí i. Ẹ̀kán tó kọ́kọ́ jáde dúdú díẹ̀, màmá mi dà á padà sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán bí omi òjò. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí òdòdó tó wà nísàlẹ̀ abọ́. Màmá mi fi ìka kàn án, ó gbé ìka náà wò nínú ìmọ́lẹ̀, ó tún kàn án. Ìyá Àgbà forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run. Bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó gùn, ó dárúkọ gbogbo wa, ó sì dárúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo ilẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àwọn àna Alhájì dé nígbà tí wọ́n tún un ṣe fún dírọ́ọ̀mù tó kù. Wọ́n yan èèpo náà fúnra wọn, wọ́n ṣọ́ ọ dáadáa, kò jó. Omi tíì tún padà dé. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, tíì ni. Bàbá mi ní a ti yà kúrò lójú ìlànà. Ìyá Àgbà ní ẹnìkan ti fi ojú burúkú wò ó. Níkẹyìn, wọ́n fẹnu kò pé ó ní ohun tí a ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a kò ṣe mọ́, àfi kí á tún ọjọ́ náà ṣe látòkè délẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà mẹ́ta, tí orí wọn pé, fi dúró lẹ́yìn ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Màmá mi wé gèlè ọjọ́ náà. Táófíkì jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n fún un ní bisikíìtì, wọ́n sì ní kó jẹ ẹ́ dé ìlàjì kó dúró. Ìyá Àgbà wá rántí pé bàbá mi sín lẹ́ẹ̀mejì kí omi náà tó mọ́. Bàbá mi gbìyànjú, kò wá. Ìyá rẹ̀ bu ata gígún sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sí i nímú. Ọkùnrin náà sín ní ìgbà mọ́kànlá. Omi ojú ń dà lójú rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń kà á, ó ní ó ti pọ̀ jù, a óò tún un bẹ̀rẹ̀. Ó sì ń bu ata lẹ́ẹ̀kejì.

Mo wo bàbá mi. Mo wo màmá mi, tó di abọ́ mú lábẹ́ bókẹ́ẹ̀tì. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, torí mo rò pé ìyẹn á dín ẹgba kù.

“Èèpo yẹn jó,” ni mo wí. “Èmi ni mo jẹ́ kó jó. Mo rò pé ijó ni ẹ ní kó má jó.”

Bàbá mi tún sín. Màmá mi ló kọ́kọ́ yé. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó jókòó sórí bíríkì, ó fi ìbọ̀wọ́ bojú, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, irú èyí tí kò rín láti ọjọ́ tí pẹ́pẹ́yẹ ti wọ pálọ̀ wa, ó rín in títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè bí adájọ́: ṣé ó di eérú? Mo ní rárá, dúdú ni. Ṣé mo dé e? Mo ní mo dé e, mo sì gbé ọmọ ọlọ lé e kó má baà jó.

“Ọmọ yìí ti sun èédú, èédú ló mu aró yẹn,” ni ó sọ fún bàbá mi. “Fi ata yẹn sílẹ̀, kí o lọ gbé ìkòkò ńlá wá.”

Alhájì dé lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé pẹ́pẹ́yẹ kan sábẹ́ apá. Èyí tó ń sàba ni, kò dé gọ́tà wa rí, òun nìkan ló ṣì funfun dáadáa. Omi tí a ti sẹ́ kún báàfù ńlá kan. Màmá mi ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí sódà má baà ta ẹyẹ lára. Bàbá mi wọ kaftan funfun, ó mú ìwé ìpàdé lọ́wọ́. Alhájì gbé pẹ́pẹ́yẹ sínú omi. Pẹ́pẹ́yẹ náà dúró, ó wò wá níkọ̀ọ̀kan, ó ri orí bọ omi, ó jáde, ó sì gbọn ara rẹ̀ nù tìyẹ́tìyẹ́. Gbogbo omi náà bá bàbá mi láti ọrùn dé orúnkún. Kò sẹ́ni tó wo pẹ́pẹ́yẹ mọ́. Kaftan ni gbogbo wa ń wò. Màmá mi súnmọ́ ọn, ó na aṣọ náà sínú oòrùn, ó wò ó ní iwájú, ó yí ọkọ rẹ̀ padà, ó wò ó lẹ́yìn. Funfun ni. Alhájì fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó gbé pẹ́pẹ́yẹ sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù.

“Kai,” ni ó wí. “Omi yìí mọ́ ju èyí tí ẹ̀rọ ń pọn sílé mi lọ. Ìyá Sìdí, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.”

Èmi ni Sìdí. Màmá mi kúnlẹ̀ kí i, ó sì wọlé lọ mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ láìdúró bọ́ bàtà. Àwọn àna Alhájì gba pẹ́pẹ́yẹ funfun kan ṣoṣo àti mẹ́fà aláwọ̀, a sì gbọ́ pé àwọn aláwọ̀ ni wọ́n ń jà sí. Wọ́n ṣe ojú kejì fún Ìyá Àgbà kí òjò tó dá, ó sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn tó ti kọ́ mi ní Yorùbá tó pọ̀ tó fún mi láti máa jiyàn. Ṣùgbọ́n aró màmá mi kò dáwọ́ dúró, omi aró sì ń fẹ́ èédú tuntun ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Bàbá mi pe ìpàdé, ó sì yàn mí sípò ẹni tí yóò máa sun èédú, torí èmi nìkan ni mo ní ìrírí. Títí mo fi lọ sí ilé ìwé gíga, bí ìkòkò èèpo ọsàn kan bá jáde lórí iná tí ó yan dáadáa, tí ó ń dán bíi wúrà, màmá mi á dúró tì mí pẹ̀lú ọwọ́ níbàdí, á sì bi mí pé ibo ni ọkàn mi wà tí mi ò fi jẹ́ kó jó.